Abẹ Tí Wọ́n Ní Kó Bómi Lọ

Wọ́n ní ìgbéraga ni kò jẹ́ kí Tinúadé lọ́kọ. Wọ́n ní ìwé ni mo kà jù. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá tí à ń lọ ní Upper Sakponba tiẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé bí ọkùnrin bá sún mọ́ mi, bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń rùn ni mo máa ń wò ó. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ta ló lè pa ayé lẹ́nu mọ́? Àmọ́ ó ti sú mi wàyí. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ máa rò ó kiri lè mọ ohun tó ń rò.

Ọ̀dọ̀ Bàámi ló ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni Bàámi, ọmọ Àkókó tí iṣẹ́ ìjọba gbé dé Benin kí wọ́n tó bí mi. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé àga síwájú ilé wa ní títì Siluko, wọ́n á gbé díńgí lé ojú fèrèsé, wọ́n á máa fá irùngbọ̀n wọn. Kì í ṣe bíléèdì tí ẹ̀ ń rà lọ́jà ni wọ́n ń lò o. Abẹ àtijọ́ ni, irú èyí tí irin rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí wọ́n kọ Sheffield sí lára. Sójà kan tó ti ogun Hítílà dé ló tà á fún wọn nígbà ọ̀dọ́ wọn. Màámi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, abẹ yẹn ni Bàámi á kọ́kọ́ gbé sá jáde, ìyàwó á wá ṣìkejì.

Nítorí abẹ yìí ni Akínfẹ́mi ṣe wá sílé wa lọ́dún 1991. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo wálé wá gbé gàrí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi, ó ní orúkọ òun ni Akínfẹ́mi Èṣùbíyì, òun ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní yunifásítì, òun gbọ́ lẹ́nu onígbàjámọ̀ kan pé Bàámi ní abẹ gidi lọ́wọ́. Ó ní àwọn abẹ àtijọ́ lòun ń kó jọ. Ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú, àti lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀ tó ti gbé máṣíìnì tí wọ́n sì ti gbàgbé tàtijọ́ sínú àpótí. Bí ó ti wù kí ó dógùn-ún tó, ó máa ha á, ó máa fi òróró pa á, ó máa pọ́n ọn, ó máa gbẹ́ èèkù tuntun fún un títí táá fi máa dán. Bàámi bi í pé kí ló wá ń fi wọ́n ṣe. Ó ní òun kì í fi wọ́n ṣe nǹkan kan, òun kàn ń tọ́jú wọn ni.

Màámi, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè wò ó. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí ìyá fi ń wo ọkùnrin tí kò ní láárí ni.

Bàámi ní abẹ àwọn kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá mọ̀ ọ́n pọ́n lóòótọ́, kó pọ́n ọn kí àwọn rí i. Akínfẹ́mi yọ òkúta pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó da omi lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa abẹ náà lọ, ó ń fà á bọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tó parí, ó fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó jẹ́ kó já lé ojú abẹ náà, irun sì pín sí méjì. Bàámi ní kó máa bọ̀ ní Sátidé Sátidé. Bí èmi náà ṣe di ẹni tó ń wálé ní Sátidé Sátidé nìyẹn, gàrí mi ò sì tíì tán o.

Ìfẹ́ wa ò láriwo. Bó bá ti pọ́n abẹ Bàámi tán, á sìn mí dé ibi tí màá ti wọ mọ́tò, a ó sì dúró níbẹ̀ títí mọ́tò bíi mélòó kan á fi kọjá. Nígbà tó kọ́kọ́ mú mi lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ikpoba Hill, àpótí abẹ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí fún mi. Wọ́n tò sórí aṣọ dúdú, ó sì mọ bàbá olúkúlùkù wọn. Èyí ni ti tíṣà kan tó kú ní Sapele. Tọ̀hún, onígbàjámọ̀ kan ló fi fá orí àwọn ọkọ ìyàwó títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ó ní nǹkan tí ọmọ ènìyàn bá ti fi ọwọ́ ṣe dáadáa, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó kú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń wò ó, mo ń sọ fún ara mi pé ọkùnrin tí kò lè ju irin tó dógùn-ún nù, kò ní í ju èmi nù láéláé. Ọgbọ́n ọmọ yunifásítì nìyẹn.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, Bàámi ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, pé abẹ kì í kú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ènìyàn á fi máa wá pọ́n ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màámi ló fárígá. Orúkọ ló kọ́kọ́ dùn wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa ka orúkọ ọmọ àwọn sétígbọ̀ọ́ ìjọ pé ìyàwó Èṣùbíyì? Bàámi ní orúkọ kọ́ nìwà, pé Júdásì náà, orúkọ rere ni wọ́n sọ ọ́. Màámi ní ó dáa, ọ̀rọ̀ orúkọ ti tán, ti abẹ ńkọ́? Ọkùnrin tó kó abẹ rẹpẹtẹ sí yàrá, ọjọ́ tí inú bá wá bí i ńkọ́?

Comfort ló bá wa pẹ̀tù sí i. Ọmọ Ẹdó ni Comfort, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màámi. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, ó sì dà bí àbúrò fún Màámi. Òun ni alárinà wa. Á jókòó ti Màámi, á bá wọn ka bọ́tìnnì, á sì máa ki ọ̀rọ̀ Akínfẹ́mi bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí mi ò gbàgbé ni ọjọ́ tó sọ pé, "Mama Tinú, man wey fit take care of ordinary iron, na im go take care of person pikin." Màámi ń ka bọ́tìnnì lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà wá jẹun.

A ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bàámi kú lọ́dún 1993. Wọ́n jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, ká tó gbé wọn dé ọsibítù, ó ti bọ́. Benin tí wọ́n ti lo ayé wọn ni wọ́n ti sọ pé kí á sin àwọn sí. Nítorí náà, Àkókó ló wá bá wa. Bàbá Àkànní, àbúrò Bàámi, kó àwọn àgbà obìnrin ilé wá láti ṣe ètò opó fún Màámi.

Ní agbo ilé tiwa, abẹ ọkọ ni wọ́n fi ń fá orí aya rẹ̀ nígbà tí ọkọ bá kú. Bí wọ́n bá ti fá a tán, omi tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ gbé abẹ náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ikú má baà rí ọ̀nà padà sínú ilé wá mú ìyàwó. Màámi tó máa ń sọ pé kò sí èèwọ̀ nínú Jésù jókòó sórí ẹní, wọ́n tẹ orí fún wọn, wọn ò jiyàn. Ìbẹ̀rù ò mọ̀ pé ènìyàn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wo irun ìyá mi bó ṣe ń já bọ́ sílẹ̀ ní ìdì ìdì, abẹ náà sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò pa wọ́n lára rárá. Akínfẹ́mi ló pọ́n ọn gbẹ̀yìn.

Ọmọ olóògbé kì í fọwọ́ kàn án. Bàbá Àkànní wò yíká, wọ́n di abẹ náà sínú aṣọ funfun, wọ́n sì nà án sí Akínfẹ́mi.

"Àna wa," wọ́n ní, "ìwọ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Gbé e lọ sódò Ikpoba. Bí o bá ti jù ú, má bojú wẹ̀yìn."

Ọjọ́ náà ni ẹbí wa kọ́kọ́ pè é ní àna. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Màámi rí omijé yẹn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ti gbà, pé ọmọ tó lè sunkún bàbá ẹlòmíràn báyìí, ọmọ àwọn ni. Èmi náà rò pé torí Bàámi ló ṣe ń sunkún.

Ọdún yípo. Lọ́jọ́ ìrántí Bàámi, lẹ́yìn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹun lọ, Akínfẹ́mi wọlé pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó gbé àpótí kékeré kan dání. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màámi, ó ní òun mú nǹkan wá fún wọn. Ó ṣí i. Abẹ Bàámi ni, pẹ̀lú èèkù pupa rúsúrúsú tí Bàámi gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn sí lára. Ó ń dán ju bó ṣe wà nígbà ayé wọn lọ. Akínfẹ́mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó gba ipò kìíní wálé.

"Mi ò jẹ́ kó ṣòfò, mà," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan Bàámi máa wò."

Màámi ò pariwo. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí, níbi tí irun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà kún. Wọ́n dìde, wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Comfort, wọ́n ní àwọn ò ní wọ ilé yẹn bí ọkùnrin náà àti ohun tó gbé dání bá ṣì wà níbẹ̀.

Oorun kúrò lójú ìyá mi láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí àwọn bá ti di ojú, Bàámi á dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìdajì irùngbọ̀n wọn ní fífá, ìdajì ní àìfá, wọ́n á sì máa sọ pé kí àwọn dìde ká lọ. Wọ́n rù kan eegun. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó fún wọn ní oògùn. Màámi ń lo oògùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Mo lọ bá Akínfẹ́mi, mo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní òun dé orí afárá Ikpoba lóòótọ́, òun na ọwọ́ jáde, ọwọ́ ò gbà. Ó ní òun rò pé inú Màámi á dùn ni. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé òótọ́ ló ń sọ. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn á ti mọ̀ pé opó ò ní í fẹ́ rí abẹ tí wọ́n fi fárí rẹ̀. Akínfẹ́mi ò mọ̀. Bí nǹkan bá ti ń dán, lójú tirẹ̀, ayọ̀ ni.

Mo lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Bauchi, mo ní màá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ ńlá. Bí mo bá gbọ́ tí ẹlẹ́ran ń pọ́n ọ̀bẹ, bí ẹ mọ àwọn alápatà Bauchi, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún láàárín ọjà. Mo bi ara mi pé ṣé nítorí irin ni mo fi ń pa ara mi báyìí? Mo tún dáhùn pé ìyá mi ni, kì í ṣe irin. Bí mo ṣe ń bá ara mi jà títí mo fi padà sílé nìyẹn.

Comfort ló tún wá ọ̀nà. Ó ní kí Akínfẹ́mi wá tọrọ àforíjì, kó sì ju abẹ náà sódò lójú Màámi àti Bàbá Àkànní fúnra wọn, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Lọ́dún 1995, ní ọ̀sán gangan, gbogbo wa kó lọ sí etí odò Ikpoba. Ó tú aṣọ funfun náà, Màámi sún mọ́ ọn, wọ́n wo èèkù pupa rúsúrúsú yẹn, wọ́n wo lẹ́tà orúkọ ọkọ wọn, wọ́n mi orí. Ó jù ú sí àárín omi, a ò sì rí i mọ́. Bàbá Àkànní gbàdúrà. Nígbà tí a délé, Màámi sùn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń hanrun. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń gbọ́ ọ. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n padà sanra. Wọ́n tilẹ̀ ń fi orúkọ Èṣùbíyì dápàárá fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. A mú ọjọ́ ìgbéyàwó, òpin ọdún 1996. Màámi ń ra abọ́ àti ìkòkò fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, mo lọ sí Ikpoba Hill láti lọ wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì. Akínfẹ́mi lálejò. Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn ni, Adétọ́lá lorúkọ rẹ̀, òun náà ń kó abẹ àtijọ́ jọ. Inú Akínfẹ́mi dùn, kì í rí ẹni bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí àpótí, ó ń fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró lórí àga, mo ń wọn fèrèsé, mo ń gbọ́ wọn, mo ń rẹ́rìn-ín sínú pé ọkọ mi rèé. Ó wá mú ọ̀kan tó ní èèkù ìwo ẹfọ̀n dúdú jáde, èyí tí mi ò rí rí.

"Eléyìí ni ọba wọn," ó ní fún àlejò rẹ̀. "Ti bàbá ìyàwó mi ni. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí odò gbé e lọ." Ó wá kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tinú, ṣé o rò pé mo lè ju irú èyí nù ni?"

Àlejò rẹ́rìn-ín. Akínfẹ́mi náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé èmi náà máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Mo dúró títí àlejò fi lọ. Mo bi í pé kí ni ó jù sódò lójú ìyá mi.

"Èèkù bàbá yín ni," ó ní. "Èèkù wọn gan-an, mi ò tàn yín. Irin ibẹ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Mo fi irin mìíràn tó ti dípẹtà sí i. Tinú, wọn ò lè rọ irú irin yìí mọ́ láyé."

"Ìyá mi rò pé ó ti lọ."

"Ara wọn ò wá yá? Wọ́n ń sùn, wọ́n ń jẹun. Ta ni mo wá pa lára?"

Òótọ́ ló tún ń sọ. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Mo kàwé, mo mọ̀ pé irin kì í ti inú àpótí pa ènìyàn. Ara ìyá mi sì ti yá lóòótọ́. Àmọ́ ó dúró níwájú opó, ó gbójú sókè, ó gba àdúrà, ó ṣe àmín. Ó sì di ọwọ́ mi mú nígbà tí a ń gòkè bọ̀ láti odò.

Mo gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ká jọ máa lọ sódò nísinsìnyí, àwa méjì péré, ká lọ jù ú, màá sì gbàgbé pé mo gbọ́ nǹkan kan. Kó tó dá mi lóhùn, ó rọra gbà á padà. Ó mú aṣọ kékeré kan, ó fi nu ibi tí ìka mi ti kàn án. Ó nù ún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó dáa, jẹ́ ká lọ."

"Èwo la fẹ́ lọ jù?" mo bi í.

Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tó lè sọ àtijọ́ di tuntun, tó lè sọ tuntun di àtijọ́, tó lè fi èèkù òkú sára irin ẹlòmíràn tí ìyàwó òkú fúnra rẹ̀ ò mọ̀, èwo ni màá rí lọ́wọ́ rẹ̀ tí màá gbàgbọ́? Bó bá jókòó tì mí ní ọjọ́ alẹ́ tó ní òun fẹ́ràn mi, ṣé kí n máa tú èèkù rẹ̀ wò ni? Mo gbé báàgì mi. Mo gbàgbé okùn ìwọ̀n síbẹ̀, mi ò padà lọ mú un.

Mo sọ fún Màámi pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí ìkòkò wà lábẹ́ rẹ̀. "Ṣé nítorí gbogbo wàhálà tí mo kó bá yín ni?"

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́, mo sì rántí Bàámi níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìdajì fífá, ìdajì àìfá. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á padà wá dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní rárá, ìfẹ́ ọ̀hún ló kàn tán. Ìfẹ́ ò tán o. Ìfẹ́ jókòó sí mi láyà bí òkèlè tó há.

Màámi ò gbà. Wọ́n ní àwọn ló fà á, pé bí àwọn bá ti gba abẹ yẹn tẹ̀rín-tọ̀yàyà lọ́jọ́ kìíní, ọmọ àwọn ò bá ti wà nílé ọkọ. Ìyá tó kọ̀ jálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá di alárinà. Wọ́n rán Comfort sí Akínfẹ́mi. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa. Màámi bẹ̀ mí. Nígbà tí mi ò fèsì, ìyá tó bí mi kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ mi yé o, wọ́n kúnlẹ̀. Mo sáré fà wọ́n dìde, mo sì wo Akínfẹ́mi. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu rẹ̀ ni ìyá mi fi máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ó ń wo ilẹ̀. Kò sọ ọ́. Èmi náà ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ló pa wá lẹ́nu mọ́.

Lọ́dún 2001, ó fẹ́ Adéṣẹwà, ọmọ Ìléṣà kan tó ń kọ́ni ní Ikpoba Hill. Màámi sunkún lọ́jọ́ náà ju bí wọ́n ṣe sunkún Bàámi lọ. Àwọn ọkùnrin wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní í parọ́. Olùkọ́ kan wá, opókùnrin kan wá, ọmọlúwàbí ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ṣèlérí nǹkan fún mi, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wá. Ó sú wọn, wọ́n lọ. Ẹja tó ń rùn tí ìyá ṣọ́ọ̀ṣì sọ, kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́.

Mo pàdé Akínfẹ́mi lẹ́ẹ̀kan ní títì Siluko, ní 2009. Ó ti hewú. Ó béèrè ara Màámi, mo ní wọ́n wà. Ó dúró, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́.

"Tinú," ó ní, "kí ni mo tiẹ̀ ṣe gan-an?"

Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni o. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Màámi ò yé sọ ọ́. Bí ìgbéyàwó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹnì kan bá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọjá, wọ́n á ní, "Tinú, èmi ni mo gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ." Èmi á ní, "Màámi, ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan." Wọ́n á yí ojú kúrò. Wọ́n gbà pé inú ni mò ń bí, pé mo kàn ń fi sùúrù pa á mọ́ra ni. Bí mo bá ṣe ń sọ pé wọn ò jẹ̀bi tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà pé mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Lọ́dún 2014, àìsàn dá wọn gúnlẹ̀ sí ọsibítù. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n pe àwọn ẹbí. Mo wọlé padà, oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé, Màámi sì la ojú.

"Tinú," wọ́n ní, "èmi ni mo gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ. Mi ò fẹ́ gbé e lọ."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Bí mo bá sọ òótọ́ fún wọn, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé abẹ yẹn ò bómi lọ, ó wà nínú àpótí lórí Ikpoba Hill láti bí ọdún gbọọrọ, inú ẹ̀rù ni wọ́n á sì kú sí. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀bi ni wọ́n máa gbé lọ. Mo wò wọ́n, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọ̀nà kan péré ló kù tí mi ò tíì tọ̀.

"Mo ti dárí jì yín, Màámi," mo ní.

Omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbìyànjú láti jókòó, wọn ò lè jókòó, wọ́n wá fi ọwọ́ mi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Ọlọ́run á bù kún ẹ," wọ́n ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó o gbà pé èmi ni."